Mọ́kọ́lá: Àdúgbò Ìbàdàn tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ àrùn káàkiri àgbáyé

Bí wọ́n bá dárúkọ Mọ́kọ́lá létí ará Ìbàdàn, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni ọjà, afárá olókè àti oríta tí ọkọ̀ kì í dá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ létí àwọn onímọ̀ nípa àrùn, nǹkan mìíràn ni wọn yóò rò: kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa àrùn dìgbòlugi.

Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní àsìkò náà, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Ìbàdàn pawọ́ pọ̀ lórí ilé ìwádìí kan tó wà fún àwọn kòkòrò àrùn tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀mọ̀wé Ottis Causey, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ darí iṣẹ́ náà, Akinyele Fabiyi sì wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kópa níbẹ̀. Wọn a máa mú ẹranko àti kòkòrò, wọn a sì yẹ̀ wọ́n wò bóyá àrùn tó lè ran ènìyàn wà lára wọn.

Lọ́dún 1968, asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá ni ọ̀rọ̀ kàn. Asín kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹran kékeré onímú ṣóńṣó tó ń rùn ni, a máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá lóru, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà á mọ́ eku, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ló ń jẹ. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní nọ́ńbà IbAn 27377, kí wọ́n tó fi orúkọ àdúgbò náà pè é.

Lọ́dún 1970, Ọ̀mọ̀wé Robert Shope àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì yìí, pẹ̀lú èyí tí wọ́n rí lára àdán l'Ékòó lọ́dún 1956, bá ti dìgbòlugi tan. Ṣáájú ìgbà náà, èrò àwọn onímọ̀ ni pé ti dìgbòlugi kò ní ìbátan kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sára ẹranko. Ọmọbìnrin kékeré méjì ni àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n rí i lára wọn ní Nàìjíríà. Èyí àkọ́kọ́, lọ́dún 1968, ní ibà àti gìrì, ara rẹ̀ sì yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan ṣì ń ṣiyèméjì lórí tirẹ̀. Èyí kejì, ọmọ ọdún mẹ́fà, kú lọ́dún 1971.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá ní Cameroon, Central African Republic, Ethiopia, Zimbabwe àti South Africa. Ara ológbò ni wọ́n ti rí i jù, àwọn kan nínú àwọn ológbò náà sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kí wọ́n tó kú. Èyí gan-an ló ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú: abẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo ènìyàn àti ajá lọ́wọ́ dìgbòlugi kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Títí di òní, wọn kò tíì mọ ẹranko tó jẹ́ ibùgbé rẹ̀ gan-an.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni pa abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tì o. Dìgbòlugi tí a mọ̀, tó ń ti ara ajá wá, ló ń pa ènìyàn jù, abẹ́rẹ́ náà sì ń ká a lọ́wọ́ kò. Bí ẹranko bá bu ènìyàn jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì tètè gba ilé ìwòsàn lọ. Bákan náà, kí àwọn òbí má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi asín ṣeré, ìbáà jẹ́ òkú tàbí ààyè.