Ṣé O Mọ̀? Owó Ọ̀tọ̀, Tókìn Ọ̀tọ̀

Ṣé o mọ̀ pé ogójì owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń sín sí okùn kan? Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Ẹni tó bá gba ẹyọ lọ́jà ti gba owó nìyẹn, kò tún sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ṣé o mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni Bitcoin rí? Oṣù kìíní ọdún 2009 ló bẹ̀rẹ̀, kò sì lè ju mílíọ̀nù 21 lọ láéláé. Orí blockchain tirẹ̀ ló wà: ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, tí ẹnì kan ò lè dá yí padà. Bí iye rẹ̀ bá já wálẹ̀, kò sẹ́ni tí wàá bi.

Ṣé o mọ àwọn Òṣómàáàló? Oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi! Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe owó o, ẹ̀tọ́ sí owó ni. Bí onígbèsè bá sá lọ, ẹ̀tọ́ di òfo. Tókìn tó dúró fún dúkìá gan-an nìyẹn: ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ sórí blockchain.

Ṣé o mọ̀ pé tókìn PAX Gold kan dúró fún wúrà gíráàmù 31.1 tí ilé-iṣẹ́ Paxos ń tọ́jú sí London? Wúrà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà: oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n yọ́ àkọ́kọ́ ní ìwakùsà Sẹ̀gilọlá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé tókìn wúrà Ìjẹ̀ṣà wá bá ọ lọ́la, blockchain lè jẹ́rìí pé tókìn wà. Kò lè jẹ́rìí pé wúrà wà.

Ṣé o mọ̀ pé ayálégbé ni USDT, tókìn dọ́là tí ilé-iṣẹ́ Tether ń gbé jáde? Kò ní blockchain tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi í ránṣẹ́ lórí blockchain Tron mọ̀ pé TRX, owó onílé, ni wọ́n fi ń san owó ọ̀nà. À ń ná an bí owó, àmọ́ tókìn ni. Ẹnu ọ̀nà Tether ni wàá lóṣòó sí.

Ṣé o mọ̀ pé náírà inú áàpù rẹ, gbèsè tí báǹkì jẹ ọ́ ni? eNaira tí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2021 yàtọ̀: CBN fúnra rẹ̀ ló dúró fún un. Blockchain ni wọ́n fi kọ́ ọ, síbẹ̀ kò dà bíi Bitcoin, torí CBN nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ̀yin ayàwòrán Òṣogbo, ẹ gbọ́ tiyín: ẹni tó ra NFT, ìyẹn tókìn tó dúró fún iṣẹ́ ọnà kan, láti ara iṣẹ́ yín kò ra àṣẹ àtitẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Ṣé o mọ̀ pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 2025 ti fi irú dúkìá orí blockchain báyìí sábẹ́ SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò? Bí wọ́n bá wá ta tókìn fún ọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, bi wọ́n léèrè ẹnu ọ̀nà ta ni wàá lóṣòó sí. Kí o tó san kọ́bọ̀, jọ̀wọ́, wá orúkọ wọn nínú ìwé àjọ náà.