Kí O Tó Kọ Fọ́ọ̀mù Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Orí Íntánẹ́ẹ̀tì



Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí àwa SS2 Arts kọ iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ló kọ "lọ́yà". Àfi bí ẹnìkan ṣe ní òun rí i lórí fóònù ẹ̀gbọ́n òun pé ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé inú yàrá rẹ ni wàá jókòó sí tí wàá fi kàwé jáde. Kò sí JAMB, kò sí hostel, kò sí pé ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀. Ariwo sọ! Àwọn kan ti ń ṣírò iye dátà tí wọ́n máa nílò. Ìdí nìyẹn tí Press Club fi ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Òótọ́ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà. Èyí tó kọ́kọ́ dé ní Amẹ́ríkà ni Concord Law School, tí iléeṣẹ́ Kaplan dá sílẹ̀ ní 1998. Ẹ rántí pé GSM kò tíì wọ Nàìjíríà nígbà yẹn, 2001 ló dé. Àwọn wọ̀nyẹn sì ti ń fi kọ̀ǹpútà gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin. Concord ti yí orúkọ padà báyìí, Purdue Global Law School ló ń jẹ́. Òfin ìpínlẹ̀ California ló ń tẹ̀ lé, ìdí pàtàkì sì wà tó fi jẹ́ California.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí ilé-ẹ̀kọ́ tí o lọ kò bá ní òǹtẹ̀ American Bar Association, tí gbogbo ayé ń pè ní ABA, wọn ò ní jẹ́ kí o jókòó sí ìdánwò wọn rárá. California ò le tó bẹ́ẹ̀. Ó gba ẹni tó kàwé láti ilé. Ó tilẹ̀ gba ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ lọ́yà tàbí adájọ́, bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó gbà ẹ́, ó máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Àkọ́kọ́, ẹni tó ń kàwé òfin láti ilé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí California kò tíì fún ní òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán wákàtí 864 kàwé lọ́dún kan, fún ọdún 4. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, ó lé ní wákàtí 16 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń dáná lálẹ́, níbo ló ti fẹ́ rí wákàtí 16? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rọra yọ ẹsẹ̀.

Èkejì ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní "baby bar". Orúkọ yẹn lè jẹ́ kéèyàn rò pé ìdánwò ọmọdé ni, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Bí o bá parí ọdún àkọ́kọ́ ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wàá jókòó sí i fún odindi ọjọ́ kan: ìbéèrè alálàyé 4 àti ìbéèrè mú-ìdáhùn-tó-tọ̀nà 100, lórí òfin àdéhùn, òfin ìwà ọ̀daràn, àti òfin ìpalára tí ẹnìkan ṣe fún ẹnìkejì láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, ní June àti October. Bí o kò bá yege láàárín ìgbà 3 àkọ́kọ́ tó tọ́ sí ọ, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí o ti ṣe lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ lè di òfo, bí o tiẹ̀ ti san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: Kim Kardashian tí gbogbo yín mọ̀ ṣe ìdánwò yìí. Ọ̀nà ọmọṣẹ́ lábẹ́ lọ́yà lòun gbà, kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n baby bar kan náà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe é kó tó yege ní 2021. Tòun ti gbogbo owó yẹn o!

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Ibí yìí ni àwa ọmọ ilé-ìwé girama ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ní Nàìjíríà, èèyàn lè kúrò ní SS3 kó bọ́ sí LLB tààrà. Ní Amẹ́ríkà, dìgírì òfin tí wọ́n ń pè ní JD kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama. California ní o gbọ́dọ̀ ti ka ó kéré tán ọdún 2 ní yunifásítì ná, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé ló sì ti ní dìgírì kan lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lálàá pé bí WAEC bá ṣe jáde báyìí lòun máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, kó yáa jí lójú oorun.

Ohun tí wọ́n máa ń béèrè kò ṣòro lọ títí: èsì ìwé tí o kà tẹ́lẹ̀ láti ọwọ́ yunifásítì rẹ, ìwé kúkúrú tí o kọ nípa ara rẹ àti ìdí tí o fi fẹ́ ka òfin, nígbà míì ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ẹ́. Àmọ́ níbi tí o ti ń mú ẹ̀ka ìwé tí o fẹ́ kà, ẹ la ojú yín. Concord ní JD, ó sì tún ní EJD. Lẹ́tà kan péré ló fi gùn ju èkejì lọ. Ẹni tó ka JD lè jókòó sí ìdánwò lọ́yà ní California. Ẹni tó ka EJD ò lè ṣe é. Wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn tó kàn fẹ́ mọ òfin fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, bí i ọ̀gá ilé-ìwòsàn tàbí oníṣòwò. Kò sí ohun tó burú nínú EJD. Tí o bá fẹ́ wọ wíìgì àti gáùn lo wá fi ọdún 3 kà á, ọ̀rọ̀ yẹn á dùn ẹ́ wọ eegun.

Ká ní ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní Houston, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí. Ó ka JD orí íntánẹ́ẹ̀tì ti California, ó ṣe baby bar, ó ṣe ìdánwò ńlá, ó yege. Lọ́yà ni lóòótọ́, lọ́yà California. Texas tó ń gbé kò ní torí ìyẹn jẹ́ kó dìde ní kóòtù ìpínlẹ̀ wọn. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, irú bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú fún àwọn àjèjì, ló lè ṣe níbẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láàárín àwọn èèyàn wa, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti mọ̀ kó tó sanwó. Ní 2022, St. Mary's University tó wà ní San Antonio, ní Texas yẹn kan náà, bẹ̀rẹ̀ JD tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀, ó sì gba àṣẹ ABA fún un. Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ìṣòro nígbà náà. Òǹtẹ̀ ni.

Ilé wa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yìí ti sun àwọn èèyàn lẹ́kún níbí náà. Ní Nàìjíríà, LLB nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di lọ́yà. Lẹ́yìn ọdún 5 ní yunifásítì, o gbọ́dọ̀ lọ sí Nigerian Law School, èyí tí Council of Legal Education ń mójú tó, kí wọ́n tó lè pè ọ́ sí iṣẹ́. National Open University, NOUN, tí kò béèrè JAMB, gba ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé láti ka òfin. Ọlọ́pàá wà nínú wọn, tíṣà wà, àwọn ìyá olómọ wà. Wọ́n kàwé, wọ́n jáde. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Law School, Council ní rárá, pé ìwé tí èèyàn kà láti òkèèrè kọ́ làwọn mọ̀ sí ẹ̀kọ́ òfin. Ọdún ń gorí ọdún, LLB wà lọ́wọ́, wọn ò sì lè pe ara wọn ní lọ́yà. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n tún òfin NOUN ṣe, ìgbà tó yá ni wọ́n ṣètò ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn tó ti jáde kí wọ́n lè wọ Law School.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìjọba Shagari ló dá yunifásítì yìí sílẹ̀ ní 1983. Ìjọba ológun Buhari tì í pa ní 1984. Ọbásanjọ́ jí i dìde ní 2001, òun náà sì tún padà lọ kàwé níbẹ̀ títí ó fi gba PhD nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni. Nígbà tí àtúnṣe òfin NOUN wá délẹ̀, ta ló buwọ́ lù ú? Buhari kan náà, ó ti di ààrẹ alágbádá.

Ṣé Council wá jẹ̀bi ni? Èmi ò rò pé wọ́n jẹ̀bi tán, èmi ò sì rò pé wọ́n jàre tán. Iṣẹ́ lọ́yà, iṣẹ́ ìdúró àti ẹnu ni. Ní Law School, títí dòní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jókòó jẹ oúnjẹ alẹ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà lọ́yà, nítorí wọ́n gbà pé ara ẹ̀kọ́ ni kéèyàn wà láàárín àwọn ọ̀gá iṣẹ́. Ìyẹn ò ṣeé ṣe lórí fóònù. Lọ́wọ́ kejì, kíkàwé láti òkèèrè kì í ṣe nǹkan tuntun. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba dìgírì nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò láti University of London ní 1944 láì kúrò ní Nàìjíríà. Nígbà tó kan òfin ló tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London, wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ ní 1946. Nelson Mandela gba LLB tirẹ̀ ní 1989 láti UNISA, yunifásítì tó ń kọ́ni láti òkèèrè, nígbà tó ṣì wà lẹ́wọ̀n. Ta ló máa sọ pé irú àwọn wọ̀nyẹn ò kàwé?

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà, Council of Legal Education ni kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gba owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń ṣe ìdánwò lọ́yà ní ìpínlẹ̀ yẹn ni. Kó béèrè iye àwọn tó wọlé tó sì parí, àti iye tó yege. Ní ti àwọn tó ń pín ìkéde "LLB oṣù mẹ́fà" káàkiri WhatsApp, ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí yín pé kò síyẹn.

Ẹ̀yin tíṣà wa tẹ́ ẹ ti ní dìgírì ńkọ́? Ọ̀nà yìí lè bá yín mu jù wá lọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ òfin fún ìmọ̀ lásán. Kí ẹ kàn rántí pé aago California fi wákàtí 8 tàbí 9 wà lẹ́yìn tiwa. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 alẹ́ lọ́hùn-ún, aago 3 tàbí 4 òru ni níbí, bí NEPA bá fẹ́.

Àwa SS2, JAMB ṣì ni tiwa. Gẹ̀ẹ́sì àti Literature-in-English pọn dandan fún òfin, pẹ̀lú iṣẹ́ méjì mìíràn láti Arts tàbí Social Science, àti kírẹ́díìtì 5 ní WAEC tí Gẹ̀ẹ́sì àti Literature wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sá fún Literature tẹ́ ẹ sì kọ "lọ́yà" sínú ìwé, ẹ tètè lọ rí tíṣà Literature kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ WAEC.