Òwò Tí Í Tún Ìlú Ṣe

Òwò kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó ti ń mú èrè wá fún ẹni tí ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú ìnira kúrò lọ́rùn àwọn ará ìlú. Ó yàtọ̀ sí ìtọrẹ àánú, nítorí pé ọrẹ a máa tán. Ṣùgbọ́n òwò tí èrè rẹ̀ ń gbé e ró kì í tètè kú. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kọ́, abúlé ni wọn yóò sì ti kọ́ ọ dáradára.

Àpẹẹrẹ kan ni ti èèpo ẹ̀gẹ́. Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ní agbègbè Ìbàdàn, àwọn obìnrin a máa bó ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe gààrí àti fùfú. Èèpo rẹ̀ a di òkìtì. Bí òjò bá rọ̀, a rà, a sì máa rùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a dáná sun ún, èéfín a sì gba àdúgbò kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń sin ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ ń wá oúnjẹ fún ẹran wọn. Ní nǹkan bí ọdún 2015, àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, fi ọ̀nà kan hàn: kí a rin èèpo náà, kí a fún omi rẹ̀ bí a ti í fún ti gààrí, kí a fi asẹ́ kù ú, kí a sì sá a. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù a máa mú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran gbígbẹ wá.

Ẹni tí yóò sọ ìmọ̀ yìí di òwò ní láti kọ́kọ́ mọ ìbéèrè í ṣe, nítorí abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀nà yìí ni Muhammad Yunus, olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Chittagong ní ilẹ̀ Bangladesh, gbà ní ọdún 1976, nígbà tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wọ abúlé Jobra tí ó wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n bèèrè, wọ́n sì rí i pé gbèsè tí ó so ènìyàn 42 mọ́lẹ̀ kò tó dọ́là 27 lápapọ̀. Yunus yá wọn ní owó náà láti inú àpò ara rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Báńkì Grameen ti ṣẹ̀, tí ìjọba fi àṣẹ sí ní ọdún 1983.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni ìṣirò. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ owó epo ẹ̀rọ, owó ọkọ̀, owó iṣẹ́, àti iye tí àwọn ọlọ́sìn lè san, kí ó sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n òdodo ni ó ṣòro jù. Èèpo tí a ń dànù tẹ́lẹ̀ yóò di ohun tí ó níye lórí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kó o lọ́fẹ̀ẹ́, òun nìkan ni yóò là. Àwọn obìnrin tí ó bó ẹ̀gẹ́ yóò wà bí wọ́n ti wà. Nítorí náà, kí ó máa san owó èèpo fún wọn, kí ó sì kọ́ àwọn ará abúlé ní iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìwé owó, nítorí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò gba oyè jáde, tí yóò sì lọ. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà náà ni a ó mọ̀ pé ó kọ́ òwò náà dájú.