Igbó tó kù ní Lẹ́kí: Ẹsẹ̀ àgbà náà lè rìn ín yípo

Bí ẹ bá sọ fún àgbẹ̀ kan ní Ìkirè tàbí Ìdànrè pé àwọn ará Èkó ń sanwó kí wọ́n tó rìn nínú igbó, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Igbó tí òun ń fi àdá bá jà lójoojúmọ́! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá lóde òní yóò mọ ìdí rẹ̀. Ilé ló kún bẹ̀ lọ súà, irà tí wọ́n da iyanrìn dí sì ni ọ̀pọ̀ wọn dúró lé.

Láàárín àwọn ilé náà, nítòsí ọ́fíìsì Chevron, ni Lekki Conservation Centre wà. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ rẹ̀. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló dá a sílẹ̀ ní 1990. Olóògbé Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, ló sì dá àjọ ọ̀hún sílẹ̀. Bí wọ́n bá gé ilẹ̀ yìí sí púlọ́ọ̀tì, yóò lé ní 1,000. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta púlọ́ọ̀tì kan ní Lẹ́kí yóò mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀bọ.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn bàbá àti ìyá wa ni fọ́tò afárá tó ń fì lókè igi. Òótọ́ ni, afárá náà wà. Wọ́n ṣí i ní 2015, mítà 401 ló gùn, ó sì gùn ju èyí tó wà ní Kakum, lórílẹ̀-èdè Ghana lọ. Tóóró ni, ó sì ń mì. Ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tí òyì máa ń kọ́ kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gùn ún.

Ọ̀nà ilẹ̀ ló wà fún àgbà. Kò tó kìlómítà méjì, kò sí òkè, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà lẹ máa padà sí. Orí irà ni wọ́n gbé afárá kúkúrú lé, tí ẹsẹ̀ kò fi ní rì. Lábẹ́ rẹ̀ ni omi dúdú wà, ẹ ó rí ọ̀pẹ, ẹ ó rí ògùrọ̀, òjìji á sì bò yín, títí ẹ ó fi gbàgbé pé ọkọ̀ ń fọn fèrè ní títì. Ẹni tó dàgbà sí etí ọ̀sà yóò mọ òórùn ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Ibì kan wà tí wọ́n kọ́ fún wíwo irà. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ lè rí ọ̀nì tàbí awọ́nríwọ́n tó ń yáàrùn. Àwọn tó ń pariwo kì í rí nǹkan kan.

Ọ̀bọ ní tiwọn kò bẹ̀rù ariwo. Wọn a máa já ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bisikíìtì gbà lọ́wọ́ èèyàn, nítorí náà, ẹ kó oúnjẹ sínú báàgì, ẹ má sì fún wọn jẹ, bó ti wù kí wọ́n wojú yín tó.

Irà náà ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Nígbà tí òjò bá rọ̀, òun ló ń gba omi dúró. Ibi tí wọ́n bá ti dí i, omi náà kò ní ṣaláì wá ibòmíràn lọ, inú pálọ̀ àwọn èèyàn ló sì máa ń jẹ́. Àwọn ará Lẹ́kí rí i ní oṣù Keje, 2017, nígbà tí òjò sọ àdúgbò wọn di odò. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbàtà lẹ́yìn oko, tí àwọn oníbàárà ilẹ̀ sì ti ń wá kí yín, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó gbowó wọn.

Bí ẹ bá ń lọ, òwúrọ̀ ló dára jù, kí oòrùn tó mú. Bàtà tó gba ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì mú omi dání. Lásìkò òjò, ilẹ̀ a máa yọ̀, ẹ di ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín mú lọ́wọ́.