Odidi àti Àgékù: Orúkọ fún Àwọn Pùròtéènì Ìdàgbà Ọpọlọ

Atúmọ̀ èdè tí ó bá kọ́kọ́ pàdé pùròtéènì tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní BDNF kì í pẹ́ rí orúkọ fún un: ‘amúdàgbà’. Ó dùn lẹ́nu, ó sì bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ wa mu. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá gbé e wọ kíláàsì, ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni yóò fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ní àwọn ọdún 1950, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen ṣàwárí pùròtéènì kan tí ó ń mú kí iṣan ìmọ̀lára ta ẹ̀ka. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ní 1982, Yves-Alain Barde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì yọ ìbátan rẹ̀, BDNF, láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára tí ọlẹ̀ ń ṣe máa ń pọ̀ ju èyí tí ara yóò lò lọ. Àwọn kan yóò yè, àwọn kan yóò kú. Irú àwọn pùròtéènì wọ̀nyí sì wà lára ohun tí ń pinnu rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti takókó nìyí. Ní gígùn ni ara kọ́kọ́ máa ń ṣe BDNF: amino ásíìdì 247 tí a tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò gé apá iwájú kúrò, tí 119 yóò ṣẹ́kù. Èyí tí a gé yìí ń so mọ́ olùgbà kan lára sẹ́ẹ̀lì, TrkB, á sì mú kí sẹ́ẹ̀lì náà yè, kí ó sì so pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí a kò gé dé ibẹ̀ ń so mọ́ olùgbà mìíràn, p75; ìyẹn lè mú kí ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì súnkì, tàbí kí sẹ́ẹ̀lì kú. Amúdàgbà wo ni ó ń pa ọmọ?

Ó rọrùn láti pe méjèèjì ní ‘ẹ̀dà’. Ṣùgbọ́n àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń lo ẹ̀dà fún fóníìmù: bí a bá fi ẹ̀dà kan rọ́pò èkejì, ìtumọ̀ kì í yí padà. Níhìn-ín, ìyè àti ikú ni ìrọ́pò náà ń yí padà. ‘Odidi’ àti ‘àgékù’ ni mo fara mọ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò rán mi létí àgékù ejò tí í ṣoro bí agbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n odidi ni ó ń ṣoro níhìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ òwe náà rí yóò tètè rántí pé ó ti dorí kodò.

Ẹ̀dà gan-an wà, ibòmíràn ni. Ní ipò 66, valine ni àwọn kan jogún, methionine ni àwọn mìíràn. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé BDNF tí ó ní methionine kì í tú jáde tó bí ó ti yẹ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, apá tí a ń gé kúrò ni ipò 66 wà, nítorí náà àgékù àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ará Ìjẹ̀bú àti lẹ́nu ará Ọ̀yọ́.

Ní ti ‘amúdàgbà’, mo dábàá ‘òjíṣẹ́ ìdàgbà’. Òjíṣẹ́ lè mú ìròyìn ayọ̀ wá, ó sì lè mú ti ọ̀fọ̀ wá. ‘Olùgbà’ tí mo lò lókè kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn; òǹkàwé tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́.