Ìrìn ọjọ́ 33 lọ sí Santiago: owó kámẹ́rà kọ́ ni wàhálà, iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀ ni

Láti ìlú Saint-Jean-Pied-de-Port lápá ilẹ̀ Faransé títí dé Santiago de Compostela ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, nǹkan bíi 780 kìlómítà ni, ẹsẹ̀ sì ni wọ́n fi ń rìn ín. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà mẹ́tàlélógún tàbí mẹ́rìnlélógún lójúmọ́ yóò lo nǹkan bíi ọjọ́ 33 kó tó débẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí àwọn onígbàgbọ́ sọ pé ibẹ̀ ni sàréè Jákọ́bù àpọ́sítélì wà ni wọ́n ń lọ, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan tí wọ́n ti ń rìn ín. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń gba ìwé-ẹ̀rí pé àwọn rin ìrìn náà kò pé 3,000 lọ́dún. Ní 2024, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọjáde lè máa sọ pé kí ló kan òwò yín nínú ìrìn àwọn òyìnbó. Ó kàn yín o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rin ọ̀nà náà ló ń so kámẹ́rà kékeré mọ́ àyà tàbí mọ́ okùn báàgì, tí wọ́n ń ya ìrìn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe náà ni wọ́n ń ṣe, àfi pé tiwọn le ju tiyín lọ. Òde tiwọn ń gba ọjọ́ 33, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó ń bá wọn gbé iná, kò sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn àgọ́. Ohun tí kámẹ́rà bá pàdánù lánàá, wọn ò ní padà sẹ́yìn lọ rìn ín lónìí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òde ọjọ́ kan ò ní kó o láyà jẹ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀. GoPro ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Nick Woodman, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2002, lẹ́yìn tí òwò íntánẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ ṣe ti wọlẹ̀. Níbi tó ti ń ṣeré lórí ìgbì òkun ní Australia àti Indonesia ló ti rí i pé kò sí bí àwọn tó wà lórí omi ṣe lè ya ara wọn. Okùn tí wọ́n á fi máa de kámẹ́rà mọ́ ọrùn ọwọ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Ó ta bẹ́líìtì tí wọ́n fi ìkarawun ṣe nínú mọ́tò rẹ̀ láti fi kó owó jọ, ó sì yá owó lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀. Ní 2004 tí kámẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, fíìmù 35mm tí wọ́n ń kì sínú kámẹ́rà àtijọ́ ló ń lò, kò tiẹ̀ lè ya fídíò rárá.

Nígbà tí iléeṣẹ́ náà ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún aráàlú lóṣù kẹfà ọdún 2014, dọ́là 24 ni ìpín kan. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ìpín kan náà kò tó dọ́là méjì. Fóònù ti ń ya fídíò tó dáa, àwọn ará Ṣáínà bíi DJI àti Insta360 ti gbé tiwọn wọ ọjà, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí GoPro ṣe ní 2016 sì ń já bọ́ látòkè títí wọ́n fi kó o kúrò lọ́jà. Lójú tèmi, èyí dára fún ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà, torí pé nígbà tí ẹni mẹ́ta bá ń du oníbàárà kan náà, owó ọjà kì í lè lọ sókè jù. HERO13 tí GoPro gbé jáde ní 2024 bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi dọ́là 400. Èyí tó jáde lọ́dún méjì ṣáájú rẹ̀ ṣì lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun kan ni kí ẹ má fi tàfàlà. Láti 2018 ni GoPro ti fi ohun tí wọ́n ń pè ní HyperSmooth sínú HERO7, òun ni kì í jẹ́ kí àwòrán máa mì bí ẹni tó ń yà á bá ń rìn. Kí èyí tó dé, èèyàn ò lè wo fídíò ìrìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ojú má pòòyì ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ta kámẹ́rà àlòkù tó ṣáájú ìgbà náà fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ rántí ìyẹn.

Ìwọ̀n kámẹ́rà yìí kò ju nǹkan bíi 160 gíráàmù lọ. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àwọn tó ti rìn ín ni pé kí ẹrù ẹ̀yìn má ju ìdámẹ́wàá ara ẹni lọ. Ẹni tó wọn kílò 70 ò gbọdọ̀ gbé ju kílò méje, aṣọ, bàtà, omi àti oògùn sì wà nínú ẹ̀. Àwọn míì ti yanjú èyí nípa sísan owó fún àwọn tó ń fi mọ́tò gbé báàgì láti ìlú kan sí èkejì. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Sípéènì, Correos, pàápàá wà nínú òwò báàgì gbígbé yìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbọ́n tó: àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn nítorí ẹ̀sìn, àwọn kan ń fi mọ́tò tẹ̀ lé wọn nítorí owó.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ dójú ti àwọn tó bá kọ́kọ́ ṣe é. Bátìrì kan kì í ju wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀ lọ bí kámẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́ láìdúró, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n sì ń lò lójú ọ̀nà lójúmọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láìdúró. Wọ́n á tàn án fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, wọ́n á pa á. Ogójì irú ẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, bátìrì méjì á sì gbé e délẹ̀ láìlàágùn. Páwà báǹkì tó jẹ́ 10,000 lè kún bátìrì kan bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Inú báàgì ọwọ́ ni kí ẹ gbé e sí bí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọn kì í gbà kó wọnú ẹrù abẹ́ ọkọ̀.

Ilé tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn, tí wọ́n ń pè ní albergue, bẹ́ẹ̀dì olókè-àtìsàlẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ogójì èèyàn lè wà nínú yàrá kan, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì má ju mélòó kan lọ. Ẹni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ rí nítorí kó lè ṣáàjì fóònù ẹ̀ nígbà tí NẸ́PÀ mú iná lọ mọ irú eré tí wọ́n ń sá. Ẹni tó bá gbé ṣájà tó ní ojú mẹ́ta dání ni ọ̀rẹ́ gbogbo yàrá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tí èmi fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa nìyí. Kì í ṣe àwòrán yíyà ló ṣòro jù, ìpamọ́ ẹ̀ ni. Ẹni tó ya fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn kò pa á mọ́ síbi méjì. Kó tó ṣe é tán, kààdì náà bàjẹ́. Títí di òní, ìyá mi kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọkùnrin náà nínú ilé wa, bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó ọjọ́ kan ni o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kámẹ́rà tó bá ń ya fídíò 4K ní ìwọ̀n mẹ́gábíìtì 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan máa jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 27 ní wákàtí kan. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ jẹ́ gígábáìtì 9. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 33, ó di 297. Ẹni tó bá sì ń ya wákàtí kan lójúmọ́ máa kó 891 jọ. Èyí àkọ́kọ́ wọ inú háàdì díìsìkì kékeré, àyè á tún ṣẹ́ kù. Wọ́n á ra méjì, wọ́n á da iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú méjèèjì lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, wọ́n á fi ọ̀kan sínú báàgì, wọ́n á sì so èkejì mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni wọ́n á tó nu kààdì. Iṣẹ́ yìí ló máa ń sú èèyàn, torí ẹsẹ̀ á ti wú, oorun á sì ti kún ojú.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú kààdì. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n kọ 512 sára kààdì tí kò lè gbà ju 32 lọ. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ kó fáìlì sínú ẹ̀ títí yóò fi kún, kí ẹ wá ṣí àwọn fáìlì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e dé òde oníbàárà.

Ní ti ibi tí wọ́n ń so kámẹ́rà mọ́, okùn báàgì lókè èjìká ló rọrùn jù. Bó bá jẹ́ àyà, ẹ rántí pé èèyàn máa ń tẹ̀ síwájú bó bá ń gun òkè, ilẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà á máa rí tí wọn ò bá gbé ojú ẹ̀ sókè. Òkè náà sì pọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ń gun òkè Pyrenees títí dé ibi tó ga ju mítà 1,400 lọ, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Roncesvalles. Láti Burgos dé León, ilẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn á sì mú. Kámẹ́rà tí wọ́n gbé kalẹ̀ sójú kan nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀ lè gbóná títí á fi pa ara ẹ̀, nígbà tí èyí tó wà lára ẹni tó ń rìn á máa rí atẹ́gùn. Tí wọ́n bá dé Galicia, òjò ló kù. Omi kì í wọ inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yìí, àmọ́ ẹ̀kán omi kan péré lójú ẹ̀ ti ba àwòrán jẹ́. Aṣọ gbígbẹ nínú àpò ló ń bá wọn yanjú ẹ̀.

Fídíò tó ń fi ọwọ́ àti ọ̀nà nìkan hàn á tètè sú aráyé. Wọ́n fẹ́ rí ẹni tó ń rìn. Nítorí náà, olùyàwòrán á gbé kámẹ́rà lé orí òkúta, á rìn kọjá níwájú ẹ̀ ní àádọ́ta mítà, á padà wá mú un, á tún rìn ín lọ. Ọgọ́rùn-ún mítà ló fi kún ìrìn ẹ̀ yẹn. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, kìlómítà kan ni. Ní ọjọ́ 33, ó ti rin kìlómítà 33 sí i, ìyẹn ju ìrìn odindi ọjọ́ kan lọ. Ó yẹ kí èyí wà nínú owó tí wọ́n ń gbà, àwọn tó ń náwó iṣẹ́ fídíò kì í sì í rí i.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tún wà ńbẹ̀. Atẹ́gùn máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Àwọn tó gbọ́n á kẹ̀yìn sí atẹ́gùn bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ lálẹ́ níbi tó pa rọ́rọ́, kí wọ́n wá tò ó sórí àwòrán.

Ẹ má gbàgbé òfin. Láti 1982 ni Sípéènì ti ní òfin tó ń dáàbò bo orúkọ rere, àṣírí àti àwòrán ẹni kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ máa ya àwọn tó sùn ní albergue láìgbàṣẹ. Ọ̀fọ̀ ló ń rìn pẹ̀lú ẹlòmíì nínú wọn, àìsàn ló ń bá ẹlòmíì fínra, wọn ò wá ṣe sinimá.

Ṣé owó wá wà níbẹ̀? Mi ò ní tàn yín. YouTube kì í fún èèyàn nínú owó ìpolówó àyàfi tí ó bá ní ọmọlẹ́yìn 1,000, tí àwọn èèyàn sì ti wo fídíò ẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín ọdún kan, tàbí kí fídíò kéékèèké ẹ̀ ní òǹwòran mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín 90 ọjọ́. Ẹni tó kàn lọ lẹ́ẹ̀kan ò ní rí i. Àwọn ilé ìsùn, ilé oúnjẹ, àwọn tó ń ta bàtà àti àwọn tó ń gbé báàgì ni èmi á lọ bá. Gbogbo wọn ló nílò fídíò ìṣẹ́jú kan tó ń fi ọjà wọn hàn, iye tí wọ́n bá san á sì wọlé kí YouTube tó rántí ẹni. Ní tiwa níbí, ẹ wo ọjọ́ tí Arugbá máa ń jáde láti ààfin Àtáọ́ja lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Kámẹ́rà ńlá ò lè wọ inú èrò yẹn, èyí tó wà láyà á wọ ibi tí wọ́n bá ti gbà á láàyè.

Tí arìnrìn-àjò bá dé Santiago, wọn kì í jẹ́ kó gbé báàgì ẹ̀yìn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà, nítorí náà kámẹ́rà tó wà lára okùn báàgì gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí Compostela. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́, lọ́fẹ̀ẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹsẹ̀ rin ó kéré tán 100 kìlómítà tó gbẹ̀yìn, tí òǹtẹ̀ sì wà nínú ìwé ìrìn ẹ̀, ni wọ́n ń fún. Òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ ni wọ́n ń béèrè ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn yẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi bátìrì kan tó kún pamọ́ láti àná nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n máa lò nínú ọgbà iwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà.