Nígbà Tí Ọ̀ta Bá Ṣi Ayò Ta Lójú Gbogbo Ayé

Eré tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ yín lẹ ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Ṣẹ́ẹ̀sì ni. Láti ọdún 2018 tí Túndé Ọnàkọ̀yà ti ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù l'Ékòó ní eré náà, àti pàápàá láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tó jókòó sí Times Square ní New York tó fi wákàtí 60 ta á, ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì tẹ́lẹ̀ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n ti mọ ìdajì ohun tá a fẹ́ sọ. Nídìí ayò, ọ̀ta lẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ lẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀pẹ bá ṣi ayò ta, a ó rẹ́rìn-ín, ó tán. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ta bá ṣi í ta, ìròyìn náà á délé ṣáájú rẹ̀. Àwọn òǹwòran ò sì ní dákẹ́ o. Wọn á tọ́ka, wọn á bú u, wọn á sọ èyí tó yẹ kó gbé. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ń ta dráàfù lábẹ́ igi ní Port Harcourt níbí: ẹni méjì ló ń ta, ẹni mẹ́wàá ló ń pariwo.

Ti ṣẹ́ẹ̀sì ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ń pè ní Chess Olympiad, tó máa ń wáyé lọ́dún méjì méjì, ẹni mẹ́rin ló ń jókòó fún orílẹ̀-èdè kan, ẹni mẹ́rin a sì kojú wọn. Oníkálukú ló ní pátákó tirẹ̀ àti aago tirẹ̀, ṣùgbọ́n àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń ṣírò. Ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe àṣìṣe kí iṣẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù di òfo. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, ká tètè wí fún un, kí họ̀hùhọ̀hù rẹ̀ má baà dí wa lójú oorun. Níbi tá à ń sọ yìí, òfin ò gbà ká wí. Ọ̀gá ikọ̀ lè sọ fún ọmọ ikọ̀ rẹ̀ pé kó gba ọ̀mì tàbí kó fi ọ̀mì lọ alátakò rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun nípa bí nǹkan ṣe rí lórí pátákó. Ẹni tó jókòó tì í ń rí kòkòrò náà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbé itọ́ mì, kò gbọdọ̀ wúkọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ, ọdún 2022. Mamallapuram, nítòsí ìlú Chennai ní Íńdíà, ni ìdíje náà wà, ìpele kẹwàá nínú mọ́kànlá ni wọ́n sì dé. Íńdíà tó gbàlejò ní ju ikọ̀ kan lọ. Ikọ̀ kejì wọn, tó jẹ́ pé ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, ló ń kojú Uzbekistan, táwọn náà jẹ́ ọ̀dọ́ langba. D. Gukesh ló jókòó sí pátákó kìn-ín-ní, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ Chennai gan-an. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ilé bàbá rẹ̀ ni gbogbo ayé ti wá bá a. Ó ti ta mẹ́jọ, ó jẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìkẹsàn-án nìkan ló gba ọ̀mì. Lọ́jọ́ tá à ń wí yìí, Praggnanandhaa tó jẹ́ ọmọ ikọ̀ kan náà ti jẹ lórí pátákó tirẹ̀. Ọ̀mì lásán ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ Gukesh kí wọ́n lè borí Uzbekistan, kí góòlù sì sún mọ́ wọn.

Ọmọ náà ò fẹ́ ọ̀mì. Òun lọwọ́ rẹ̀ ròkè tẹ́lẹ̀, ó sì ń lé Nodirbek Abdusattorov kiri orí pátákó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Nodirbek, òun náà ò sì ṣe é mú bọ̀rọ̀. Aago ń lọ. Nígbà tí àkókò ti fẹ́ẹ̀ tán lọ́wọ́ Gukesh, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣì gbé, ó parí. Ó gbé orí sọ́wọ́. Méjì sí méjì ni ìfigagbága náà parí sí. Lọ́jọ́ kejì, Uzbekistan gba góòlù, Armenia gba fàdákà, ikọ̀ kejì Íńdíà gba idẹ. Àwọn kan ní ojúkòkòrò ló mú un. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti jẹ ẹni mẹ́jọ léraléra, báwo ni yóò ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọ̀mì?

Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti Ruslan Ponomariov, ọmọ Ukraine. Ọdún 2002 ló di olúborí ayé lábẹ́ FIDE, àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, ọmọ ọdún méjìdínlógún sì ni nígbà náà. Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2003, ó pé ọmọ ogún ọdún. Ọjọ́ yẹn gan-an ló jókòó ti Evgeny Agrest, ẹni tó ń ta fún Sweden, nílùú Plovdiv ní Bulgaria, níbi ìdíje àwọn ikọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ni fóònù Ponomariov bá dún! Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ kí i kú ọjọ́ ìbí ló pè é. Òfin sì ti wà nílẹ̀ pé bí fóònù ẹnì kan bá dún, ó ti pàdánù. Òdo ni wọ́n kọ fún un. Nínú àwọn ọ̀gá ńlá eré náà, òun lẹni àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà, ẹ ó rántí bó ṣe máa ń ké ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ wa láyé ìgbà yẹn. Tiwa, owó ìtanràn la fi ń parí ẹ̀. Tirẹ̀, odidi ikọ̀ orílẹ̀-èdè ló bá a san án.

Ukraine yìí náà ni Vasyl Ivanchuk ti wá, ọ̀gá tó máa ń wo òkè àjà bó bá ń ronú, bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 2008, ní Dresden ní ilẹ̀ Jámánì, Ukraine wọ ìpele tó kẹ́yìn, góòlù ṣì ń wò wọ́n lójú. Amẹ́ríkà ló kojú wọn. Gata Kamsky na Ivanchuk lórí pátákó kìn-ín-ní, Amẹ́ríkà sì fi mẹ́ta àbọ̀ sí ààbọ̀ fọ́ Ukraine túútúú. Góòlù lọ, fàdákà lọ, kódà idẹ gan-an, Amẹ́ríkà ló gbé e. Bí Ivanchuk ṣe dìde báyìí ni wọ́n ní kó wá ṣe àyẹ̀wò oògùn olóró. Kò dáhùn. Ó jáde lọ, ó fi ẹsẹ̀ gbá òpó kọnkéré, ó lọ. Nínú ìwé òfin ìgbà náà, ẹni tó bá kọ àyẹ̀wò, bí ẹni tó lo oògùn ni wọ́n ń kà á sí, wọ́n sì lè fi ọdún méjì lé e sílé. Ìgbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 ni ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kò sí ìyà fún un. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí inú ń bí tó báyìí, oògùn wo ló tún fẹ́ lò?

A ò ní pẹ́ lórí ti Tigran Petrosian, ọmọ Armenia tó ń ta fún Soviet Union. Ó ta eré 129 nínú gbogbo Olympiad tó lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló pàdánù. Robert Hübner ti Jámánì ló pàdánù sí ní Skopje lọ́dún 1972. Kì í sì í ṣe pé ọba rẹ̀ kú lórí pátákó o, aago ló tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ohun táwọn èèyàn wọn ṣe sí wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé ti fóònù yẹn, 2004, Ukraine lọ sí Calvià ní Spain, Ponomariov àti Ivanchuk sì wà nínú ikọ̀ náà. Wọ́n gba góòlù. Ọdún méjì lẹ́yìn tí Ivanchuk gbá òpó, wọ́n tún kó ikọ̀ jọ lọ sí Khanty-Mansiysk ní Rọ́ṣíà. Ta ni wọ́n fi sí pátákó kìn-ín-ní? Ivanchuk náà ni. Ukraine gba góòlù, òun fúnra rẹ̀ sì tún gba góòlù ẹni tó ta dáadáa jù lórí pátákó kìn-ín-ní.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tá a wà lẹ́yìn odi. Bí ọmọ Yorùbá kan bá jẹ gbèsè ní ọjà Mile 1 tí kò san, wọn ò ní dárúkọ rẹ̀, "àwọn Yorùbá" ni wọn yóò wí. Pátákó kan ṣoṣo, ẹni púpọ̀ ló ń jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí ìbínú wa sí ẹni tó kó ìtìjú bá wa fi máa ń le ju ti ẹni tó jẹ lówó lọ. A ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni máa pàtẹ́wọ́ fún àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá lọ ṣojú ilé-ìwé rẹ̀, tó sì fi ayaba rẹ̀ ta alátakò lọ́rẹ lójú gbogbo èèyàn, kí ni òbí máa ń sọ bó bá délé? Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kó kó pátákó náà pamọ́, kó lọ kàwé rẹ̀. Lọ́dún 1998, Odion Aikhoje, ọmọ Nàìjíríà, gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù fún ara rẹ̀ ní Olympiad tó wáyé ní Elista ní Rọ́ṣíà. A ò rò pé kò pàdánù ayaba rí nígbà tó wà lọ́mọdé.

Gukesh ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Íńdíà lọ sí Budapest. Gukesh ni wọ́n fi sí pátákó kìn-ín-ní. Eré mẹ́wàá ló ta, àmì mẹ́sàn-án ló kó jọ. Íńdíà borí gbogbo ikọ̀ tó kojú wọn, àfi Uzbekistan, tí wọ́n jọ gba ọ̀mì, méjì sí méjì. Wọ́n gba góòlù, àwọn obìnrin wọn náà gba tiwọn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló jókòó ti Ding Liren ti Ṣáínà, olúborí ayé, ní Singapore. Ding yìí wà nínú ikọ̀ Ṣáínà tó gba góòlù Olympiad ní Tromsø lọ́dún 2014 àti ní Batumi lọ́dún 2018, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ayò. Ọgbọọgba ni wọ́n wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré kẹrìnlá, èyí tó kẹ́yìn, ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kejìlá. Eré náà ń lọ sí ọ̀mì tààrà. Ní ìṣísẹ̀ 55, Ding gbé ilé-ìṣọ́ rẹ̀ síbi tí kò yẹ. Gukesh wo pátákó náà, ó tún un wò, bíi pé kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mélòó kan, Ding bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún di olúborí ayé. Ó sunkún níbẹ̀, ó sì rọra to àwọn ọmọ náà padà sáyè wọn lórí pátákó kó tó dìde.